Ẹ̀tù Púpọ̀ Kọ́ Ló Ń Pa Ẹran

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, nídìí ẹmu, lẹ́nu ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ṣakabùlà: “Ẹni tó bá fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ lọ jìnnà, kó bu ẹ̀tù sí i. Ìlọ́po méjì lèmi máa ń kì í.” Àwọn tó jókòó tì í ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àárín àwọn ọdẹ l’Ókè-Ògùn ni mo dàgbà sí, mo sì ti rí ọwọ́ tí ìka rẹ̀ kò pé mọ́ nítorí ìmọ̀ràn yìí.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn. Bí iná bá kan ẹ̀tù, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ jó á ti ọta, ìyókù á máa jó bí ọta ṣe ń sá lọ sẹ́nu ìbọn. Bí ọta bá ti jáde, iṣẹ́ ẹ̀tù ti parí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ìta ló ti máa jó, tàbí kó má jó rárá. Mo ti rí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ síwájú ẹnu ìbọn tí wọ́n kì ju bó ṣe yẹ lọ. Hóró ẹ̀tù wà lórí rẹ̀ lódindi, tó ṣeé fi èékánná ṣà. Nígbà tí a dà á sórí ẹyín iná, ó jó fùú. Owó tí wọ́n fi rà á nìyẹn. Iná ńlá tó ń yọ lẹ́nu ìbọn lálẹ́, tí wọ́n fi ń yangàn, ẹ̀tù tí kò ti ọta ni.

Ká tiẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ jó, afẹ́fẹ́ ń dúró de ọta níta. Ní 1742, Benjamin Robins, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó so pákó wúwo rọ̀, ó yìnbọn lù ú, bí pákó náà ṣe fì sẹ́yìn ló sì fi mọ bí ọta ṣe ń sáré tó. Ó rí i pé bí ọta òjé tó fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì bá ń sá 1,670 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dá a dúró tó ìlọ́po 120 ìwúwo ọta náà. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ìdènà á di ìlọ́po mẹ́rin, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré tí ẹ fi ẹ̀tù rà, afẹ́fẹ́ á ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà kó tó kan ẹran. Òjé roboto nìyẹn o. Irin wẹ́wẹ́ onígun tí ọ̀pọ̀ wa ń kì sínú ìbọn ńkọ́, tó fúyẹ́ ju òjé lọ?

Wọ́n á ní, “Ṣebí ó ń gbá mi léjìká.” Ẹ̀yin ló gbá, kò gbá ẹran. Ẹni tó mọ̀ pé ìbọn máa gbá òun, ojú ló ń dì kó tó yìn ín.

Àwọn kan á tún ní àwọn òyìnbó pàápàá máa ń fi ẹ̀tù púpọ̀ dán ìbọn wò. Òótọ́ ni. Ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n kó wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òfin dá ilé àyẹ̀wò ìbọn sílẹ̀ ní 1813. Àmọ́ wọn kì í di ìbọn náà mú nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò; èyí tó bá máa bẹ́, á bẹ́ síbẹ̀. Ṣakabùlà tiwa, páìpù omi tàbí irin ara mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ta ló bá yín dán an wò?

Ìbọn bẹ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì tó fi gbé ọ̀pá ìbọn ló bá a lọ: àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e já, ìyókù sì kákò títí ó fi kú. Wọ́n ní àsàsí ni, wọ́n ra ewúrẹ́, wọ́n ṣètùtù. Èmi wo ìbọn náà. Ibi tí ẹ̀tù máa ń jókòó sí gan-an ló ti là, lójú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó sì ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹni tó mọ bó ṣe ń bu ẹ̀tù kò nílò babaláwo láti ṣàlàyé ìyẹn.

Mo gbà pé ẹ̀tù tó kéré jù kò ní gbé ọta débì kan, àti pé kò sí ìwọ̀n kan ṣoṣo tó bá gbogbo ìbọn mu. Bàbá mi ní ọparun kékeré kan tó fi ń wọn tirẹ̀, kì í bu ju ìyẹn lọ. Bí ẹran bá jìnnà, á rá pálá lọ bá a.

Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń tú katiríìjì, tí wọ́n ń da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ṣakabùlà, wọ́n ní ó mú ju ti ìbílẹ̀ lọ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tù dúdú tí a ń kì sínú ṣakabùlà. Paul Vieille ló ṣe irú rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1884, ìbọn onírin líle ló sì wà fún. Bí wọ́n bá ṣe há a mọ́ tó ló ṣe ń yára jó tó, tí agbára rẹ̀ á sì máa ru sókè. Páìpù omi kò lè gbà á, ì báà jẹ́ ìdajì ọparun bàbá mi. Ẹ má dà á síbẹ̀ rárá.