Adájọ́ ń jókòó di 70 ọdún, agbẹjọ́rò ìjọba ń lọ sílé ní 60

Bí agbẹjọ́rò ìjọba bá pé 60 ọdún, tàbí tó lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, wọ́n á kí i pó kú iṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó di ilé. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ńkọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu àtúnṣe òfin, ó di 70 ọdún kó tó fẹ̀yìntì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì náà, 70 ni. Èyí kò tọ́, ìlú ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó ní kóòtù ní Kubwa tàbí Gwagwalada, níbí ní Abuja, rí á mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ń tú fáìlì. Ọlọ́pàá tó ṣe ìwádìí ti gba tíráńsífà lọ. Ọ̀bẹ tí wọ́n ní wọ́n fi gún èèyàn wà nínú ọ̀rá lórí tábìlì, àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ bó ṣe dé ibẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́, ẹjọ́ ti ń mì. Àgbà nínú iṣẹ́ yìí ì bá ti pe ọlọ́pàá náà sí ọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú: “Ta ló kọ́kọ́ mú un? Ta lo fà á lé lọ́wọ́? Ìwé rẹ̀ dà?”

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 36, ní aláìṣẹ̀ ni afurasí títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Ọrùn ìjọba ni ẹrù àtimú ẹ̀rí wá wà. Bí ìjọba ò bá mọ ẹjọ́ rò, apànìyàn á rìn lọ, aláìṣẹ̀ á sì máa ka ọjọ́ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 pàṣẹ pé kí ẹjọ́ máa lọ lójoojúmọ́, àti pé ibi tí kò bá ti ṣeé ṣe, ìsúnsíwájú kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Àmọ́ òfin kì í dìde ro ẹjọ́ fúnra rẹ̀.

Ti Abuja tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó kàwé òfin ní Ìbàdàn tàbí Èkó, Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Gúúsù, ni wọ́n mọ̀. Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn mìíràn, là ń lò níbí, bí ti gbogbo Òkè Ọya. (Ará Ìlọrin ò ní béèrè ohun tó jẹ́.) Ta ni yóò kọ́ wọn, bí kò ṣe ẹni tó ti fi í pẹjọ́ fún ọgbọ̀n ọdún?

Àwọn kan á ní àwọn ọ̀dọ́ ń dúró de ìgbéga. Òótọ́ ni, a ò sì ní kí àgbà jókòó lé ipò. Kó fi ipò sílẹ̀ ní 60, kí ìjọba sì gbà á padà títí di 70 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́: ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòfin ní Bwari, ọjọ́ yòókù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́ ní kóòtù. Kí àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí náà wá jókòó ní kíláàsì rẹ̀.

Kí Mínísítà fún ètò ìdájọ́ gbé àbá yìí lọ síwájú Ilé Aṣòfin, kí àwọn tí yóò pé 60 lọ́dún yìí tó kó ìwé wọn sínú páálí.