Orin O'Brien kọ́ ni obìnrin àkọ́kọ́

Ẹ jọ̀wọ́, ibi tí ẹ ti kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé Orin O'Brien, tó ta double bass (ohun èlò orin olókùn ńlá tó jọ gòjé), ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin New York Philharmonic gbà, ní 1966, nílò àtúnṣe, nítorí pé Stephanie Goldner ti ta háàpù níbẹ̀ láti 1922 títí di 1932. Àlàfo ọdún 34 tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ sì sọ ṣáájú mi pé double bass ti tóbi jù fún obìnrin, èmi obìnrin yìí ti ń ta á nínú ìjọ wa fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ga jù mí lọ, okùn rẹ̀ sì nípọn débi pé orí ìka ọwọ́ òsì mi ti yi bí awọ, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bi mí pé ọkùnrin wo ló bá mi gbé e wá. Ìrísí O'Brien ni àwọn oníròyìn ìgbà náà ń kọ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 55 ni ó fi ṣiṣẹ́ náà, títí di 2021.