Kò sí kiní kan tó ń jẹ́ fóònù Obama

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ fóònù yìí kó yanjú, torí mo ṣì ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gẹ irun, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú group WhatsApp, kódà lẹ́nu àwọn tó ti gbé ibí ju ogún ọdún lọ. Ẹnì kan á ní "Obama ló ń pín fóònù fún tálákà nígbà yẹn, Trump dé ló gbá a dànù." Ẹlòmíì á ní rárá o, ó ṣì wà, ìjọba á fún ẹ ní iPhone tuntun, ṣá ti ní kádì food stamp (owó oúnjẹ tí ìjọba ń fún tálákà) lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n.

Obama kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lifeline lorúkọ ètò yẹn, 1985 ni FCC dá a sílẹ̀, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti rédíò fún ìjọba àpapọ̀, Ronald Reagan ló sì wà lórí oyè. Ẹ wo ohun tó fà á. Ní January 1984 ni wọ́n fọ́ AT&T sí wẹ́wẹ́, kọ́ńpínì yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ni gbogbo wáyà fóònù Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, èrè tó ń jẹ lórí ìpè ọ̀nà jíjìn ló sì fi ń bu omi tútù sí owó fóònù inú ilé. Bí wọ́n ṣe wá pín in báyìí, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé owó fóònù ilé á fò sókè, àwọn arúgbó àtàwọn tí ò rí já jẹ á já fóònù wọn sílẹ̀, wọn ò wá ní lè pe dókítà, wọn ò ní lè pe panápaná. Ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa bá wọn dín bíìlì kù nìyẹn. Fóònù tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni mò ń wí o, ẹni tó ń gbé fóònù sápò nígbà yẹn, olówó ni.

1996, nígbà Clinton, òfin tuntun dé tó dá àpò owó kan sílẹ̀, Universal Service Fund, inú ẹ̀ ni wọ́n ti ń san ti Lifeline títí dòní. 2005, nígbà Bush, ìjì Katrina gbá New Orleans àti agbègbè ẹ̀ lọ, àìmọye èèyàn ò nílé mọ́, ká má tíì sọ wáyà lára ògiri, ọdún yẹn náà ni FCC gbà kí owó Lifeline máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù alágbèéká àwọn kọ́ńpínì bíi TracFone. 2008 ni TracFone gbé SafeLink, ìyẹn fóònù Lifeline tiẹ̀, jáde ní Tennessee, Bush ṣì ni ààrẹ. Obama ò búra wọlé títí di January 2009.

Ibo wá lorúkọ ẹ̀ ti wọ̀ ọ́? Àsìkò ló bá a pàdé. Ọrọ̀ ajé dojú dé ní 2008 sí 2009, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, àwọn tó ń gba food stamp ń pọ̀ sí i, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ètò náà, ni àwọn kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í tan ímeèlì kiri ní 2009 pé Obama ń fi owó orí wa ra fóònù fún àwọn ọ̀lẹ. Nígbà tó di 2012, lásìkò ìbò, fídíò obìnrin kan láti Cleveland wá gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń pariwo pé Obama fún àwọn ní fóònù, ọ̀rọ̀ náà ò tún ṣeé kó mọ́. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé 2012 yẹn gan-an ni FCC tó wà lábẹ́ Obama fún okùn mọ́ ètò náà lọ́rùn: wọ́n ní ẹyọ kan péré fún agboolé kan, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń gbà á máa fi hàn lọ́dọọdún pé òun ṣì yẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n kó orúkọ gbogbo wọn jọ síbì kan kí wọ́n lè mú àwọn tó ń gba méjì mẹ́ta. Ẹni tí wọ́n ń pè ní olùpín fóònù ló tún ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìyẹn lórí Obama. Èyí tó tún wá ń da àwọn èèyàn wa láàmú jù ni ti pé "ìjọba ń pín fóònù." Ìjọba ò pín fóònù kankan. $9.25 lóṣù ni Lifeline, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà (Native American) tó lè tó $34.25, owó yẹn ò sì gba ọwọ́ yín kọjá. Ó dà bíi sọ́bsídì epo tá a mọ̀ nílé kí wọ́n tó yọ ọ́ ní 2023: ta ló gbé owó lé yín lọ́wọ́ rí? Àwọn tó ń gbé epo wọlé ni wọ́n ń san án fún nígbà yẹn, ẹ̀yin kàn ń rí i ní ẹnu pọ́ǹpù ni. Bẹ́ẹ̀ náà nibí, kọ́ńpínì tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ń gba owó náà, òun ló wá ń fún yín ní ìṣẹ́jú ìpè àti dátà. Fún fóònù alágbèéká, ó kéré tán ìpè wákàtí 16 àti díẹ̀ lóṣù tàbí dátà 4.5 GB, òun nìwọ̀n tí FCC là sílẹ̀, kọ́ńpínì míì máa ń fi jàrá sí i.

Fóònù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kọ́ńpínì ló ń fi fa ojú oníbàárà mọ́ra, àpò ara ẹ̀ ló ti ń yọ ọ́, kò sófin tó ní dandan ni kó fún yín. Ẹ ti rí wọn níwájú ilé ìtajà, àgọ́ kékeré kan, tábìlì, bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ FREE PHONE sí gàdàgbà, ọmọkùnrin kan tó gbé tábílẹ́ẹ̀tì dání tó ń ní "Mama, do you have Medicaid?" (ètò ìwòsàn ìjọba fún tálákà). Ẹni yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba o, ẹ́jẹ́ǹtì kọ́ńpínì ni. Fóònù tó máa gbé jáde nínú páálí, Android olówó pọ́ọ́kú ni lọ́pọ̀ ìgbà, tí WhatsApp nìkan bá ti kún inú ẹ̀ tán àwòrán ọmọ-ọmọ méjì ò ní wọlé mọ́. Tí fóònù yín bá dáa, síìmù nìkan ni kẹ́ ẹ gbà. FCC sì ti ṣòfin ní 2019 pé kọ́ńpínì ò gbọ́dọ̀ máa san kọmíṣọ̀n fún ẹ́jẹ́ǹtì lórí iye orí tó bá rí kó wọlé, torí àwọn kan ti ń kọ orúkọ òkú síbẹ̀. Emi ò ní gbé nọ́ńbà Social Security mi kalẹ̀ létí títì fún ẹnikẹ́ni nígbà tó jẹ́ pé mo lè jókòó sílé mi kí n kọ ọ́ fúnra mi lórí lifelinesupport.org. (Ẹ̀yin ti California, ìpínlẹ̀ yín ní ètò tiẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.)

"Owó orí wa ni wọ́n fi ń san án." Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí òótọ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tí IRS, àjọ tó ń gba owó orí, ń gbà. Ẹ gbé bíìlì fóònù tàbí ti ilé iṣẹ́ yín wò, lábẹ́ níbi tí wọ́n kó àwọn owó kékeré kékeré sí, ẹ máa rí ìlà kan tó ń jẹ́ Federal Universal Service Charge tàbí nǹkan tó jọ ọ́. Òun náà nìyẹn. Àwọn kọ́ńpínì fóònù lòfin ní kó máa dá owó yẹn jọ, wọ́n sì máa ń dà á padà sí orí oníbàárà. Lifeline nìkan kọ́ ló ń jẹ níbẹ̀, ilé ìwé, láíbìrì, ọsibítù abúlé àti àwọn kọ́ńpínì tó ń fa wáyà lọ sí ìgbèríko ń jẹ níbẹ̀ náà. Wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, June 2025 làwọn adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní owó náà bófin mu.

Ta ló wá lè gbà á? Ẹni tó bá ń gba SNAP (food stamp yẹn nìyẹn), Medicaid, SSI (owó ìjọba fún arúgbó àti aláàbọ̀ ara tí ò rí já jẹ), ilé ìjọba tàbí Section 8 (ìrànwọ́ owó ilé), tàbí Veterans Pension, owó tí ìjọba ń fún àwọn sójà àtijọ́ tí ò rí já jẹ àtàwọn tí irú wọn kú fi sílẹ̀. Ẹni tí ò bá gba ìkankan nínú wọn, wọ́n á wo owó tó ń wọlé fún un, kó má ju ìdá 135 nínú ọgọ́rùn-ún ìlà òṣì tí ìjọba fà lọ. Ní 2025, ìyẹn jẹ́ $21,128 lọ́dún fún ẹnì kan, $43,403 fún ẹni mẹ́rin. Ẹ wo nọ́ńbà kejì yẹn dáadáa. Bàbá tó ń tọ́jú arúgbó nílé onílé, tó níyàwó àti ọmọ méjì, tíyàwó ṣì ń ka nursing lọ́wọ́, ó lè bọ́ sábẹ́ ẹ̀ láìmọ̀. Irú wọn ló sì pọ̀ láàárín wa, "fóònù ọ̀lẹ" tí wọ́n ń gbọ́ ni kì í jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ti agboolé náà, ẹyọ kan fún agboolé kan, àwọn èèyàn ń ṣì í gbọ́. Kì í ṣe ẹyọ kan fún àdírẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó ń ná owó pọ̀ tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ ni wọ́n ń pè ní agboolé. Tí àbúrò yín àtìyàwó ẹ̀ bá ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé yín, ìkòkò tiwọn lọ́tọ̀, owó tiwọn lọ́tọ̀, tiwọn yàtọ̀ sí tiyín, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n á ní kí wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀.

Àwọn tó ń ní "wọ́n ti gbé e kúrò" yìí, mo mọ ohun tó ń dà wọ́n rú. ACP ni wọ́n ń rántí, ètò $30 lóṣù fún íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ti kú lóòótọ́, owó ẹ̀ ló tán, 1 June 2024 ló dópin, lójú Biden, ó lé ní mílíọ̀nù 23 ilé tó ń gbà á. Lifeline ò bá a lọ, ètò ọ̀tọ̀ ni. Torí ẹ̀, WIC (ètò oúnjẹ fún aboyún àtọmọ kékeré) tẹ́ ẹ fi wọ ACP nígbà yẹn ò lè gbé yín wọ Lifeline.

Ohun méjì ló sì máa ń lé èèyàn jáde. Tí fóònù bá jẹ́ ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ ò fi pe ẹnikẹ́ni, ẹ ò fi text ránṣẹ́, ẹ ò lo dátà fún 30 ọjọ́, wọ́n á kìlọ̀ fún yín, tọ́jọ́ 15 míì bá tún kọjá wọ́n á gé e, ká má gbé e sínú dúrọ́ọ̀ pé tìgbà ìṣòro ni. Ìkejì ni àyẹ̀wò ọdọọdún. Tí kọ̀ǹpútà wọn ò bá rí i fúnra ẹ̀ pé ẹ ṣì yẹ, wọ́n á kọ lẹ́tà sí yín, ọjọ́ 60 lẹ ní láti dá wọn lóhùn. Apoowé funfun lásán ni, ó máa ń bọ́ sáàárín ìwé ìpolówó pizza àti ti ìbò, kẹ́ ẹ tú wọn wò kẹ́ ẹ tó da gbogbo ẹ̀ nù.