Ṣé kí a ti fóònù àwọn òbí wa mọ́ ẹni tí a kò mọ̀?

Ọmọ Olóbì, Ṣàgámù:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìyá mi ti ń ta obì ní Ṣàgámù kí n tó dáyé, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo jókòó tì í nílé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ń ka iye ìgbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ìgbà mẹ́rìnlá ni. Mẹ́ta péré ló wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a mọ̀. Márùn-ún jẹ́ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, tó ń polówó orin àti tẹ́tẹ́. Mẹ́rin gé kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan fóònù. Obìnrin kan sì fẹ́ ta ilẹ̀ fún un níbi tí kò dé rí. Èyí tó kẹ́yìn ló já mi láyà. Ọkùnrin náà pè é ní Mọ́mì, ó dárúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ láìṣì í, ó ní láti báǹkì ni òun ti ń pè, pé káàdì rẹ̀ yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́ bí kò bá ka nọ́ḿbà ojú rẹ̀ fún òun. Ìyá mi ti tú káàdì náà kúrò nínú ọ̀rá tó fi wé e, ó ti gbé e súnmọ́ iná kí ó lè rí i kà, ó sì ti ka nọ́ḿbà mẹ́fà kí n tó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé kí a to fóònù àwọn òbí wa lọ́nà tó jẹ́ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀ kò ní lè rí wọn pè rárá. Ẹ wí tiyín.

Ìyá Onígàrí, Àgọ́-Ìwòyè:
Ọmọ mi, Ọlọ́run ló yọ ìyá rẹ, mo bá yín dúpẹ́. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ohun tí o fẹ́ ṣe yìí. Gàrí ni mò ń tà. Ẹni tó bá ra gàrí Ìjẹ̀bú lọ́wọ́ mi, tó rí i pé ó gbẹ, tó sì kan bó ṣe yẹ, ni yóò fún ará ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní nọ́ḿbà mi, báwo ni orúkọ ẹni yẹn yóò ṣe ti wà nínú fóònù mi kó tó pè? Bákan náà ni ti obì. Ìyá rẹ kò lè mọ gbogbo àwọn tó ń kó obì lọ sí òkè Ọya.

Ohun tó sì wà lọ́kàn mi ju ọjà lọ nìyí. Nígbà tí ọ̀kadà gbá àbíkẹ́yìn mi lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, fóònù tirẹ̀ fọ́ yángá. Ọkùnrin kan tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, tí n kò mọ̀ rí, tí n kò sì tíì fojú kàn títí di òní, ló fi fóònù ara rẹ̀ pè mí pé, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ yín ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ló fi ṣèṣe." Bí mo bá ti ti fóònù mi mọ́ àjèjì, ta ni ì bá sọ fún mi?

Oníṣẹ́-Fóònù, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Oríṣi ìpè méjì la dà pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé oògùn wọn kò jọra.

Ìpè ìpolówó ní òfin tirẹ̀. Láti ọdún 2016 ni Àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí, ti pàṣẹ pé kí wọ́n fún oníbàárà láyè láti sọ pé òun kò fẹ́ ìpolówó mọ́. Ẹ kọ STOP, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442. Bí síìmù méjì bá wà nínú fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ṣì fẹ́ gbọ́ ti báǹkì tàbí ti ìlera lè kọ HELP dípò STOP, kó sì yan èyí tó wù ú. Bí wọn kò bá jáwọ́, ẹ fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù náà ná, bí wọ́n bá sì kọ etí dídi, ẹ pe NCC fúnra rẹ̀ lórí 622. Ó máa ń dùn mí pé nínú mẹ́wàá tó ń gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ṣòro kí n rí ẹyọ kan tó ti gbọ́ nípa 2442 rí.

Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ kò bìkítà fún 2442. Ẹ dí nọ́ḿbà kan, yóò gbé síìmù mìíràn. Èyí tó burú jù tí mo ti rí ni ti àwọn tó máa ń ní kí ènìyàn tẹ àmì ìràwọ̀ méjì pẹ̀lú nọ́ḿbà kan kí "nẹ́tíwọ́ọ̀kì" rẹ̀ lè dára. Nọ́ḿbà tiwọn ni wọ́n ní kí ẹ tẹ̀, gbogbo ìpè yín á sì máa yà sọ́dọ̀ wọn, títí kan èyí tí báǹkì bá fẹ́ fi bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó tẹ ##002# kó sì pè é, yóò tú gbogbo rẹ̀. Bí nọ́ḿbà ilẹ̀ òkèèrè bá sì dún lẹ́ẹ̀kan tó gé, ẹ má pè é padà, owó ìpè yín ni wọ́n ń wá.

Ọmọ Ìpẹ́rù:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé Truecaller kò tó? Òun ni mo fi sórí fóònù bàbá mi. Orúkọ ẹni tó ń pè máa ń hàn kí wọ́n tó gbé e, ibi tó bá sì ti pupa, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹni rere.

Oníṣẹ́-Fóònù, Ìjẹ̀bú-Òde:
Àbúrò mi, ó wúlò, n kò bú u. Àmọ́ orúkọ tí àwọn ènìyàn fún nọ́ḿbà náà ló ń gbé jáde. Bí gbájúẹ̀ bá ra síìmù lónìí, tó sì kọ orúkọ báǹkì sí i fúnra rẹ̀, orúkọ báǹkì ni bàbá rẹ yóò kọ́kọ́ rí, ìyẹn yóò sì fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lè mú kí nọ́ḿbà tí kì í ṣe tiwọn hàn lójú fóònù rẹ.

Olùkọ́ Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ẹ kò tíì sọ ti etí wa. Kí GSM tó dé lọ́dún 2001, ilé tí fóònù wà kò ju kí a fi ìka kà á ládùúgbò, ẹni tó bá sì pe ilé náà ti ní ìdí pàtàkì kó tó pè. Etí ìgbà náà ni àwa àgbà ṣì ń lò. Wọ́n sì kọ́ wa pé ẹni tó bá kí ni, à á jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a kì í já a lu ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé yìí gan-an ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bá ṣòwò.

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ẹnìkan pè mí pé owó ìfẹ̀yìntì mi tó kù sílẹ̀ ti jáde, ó mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìntì, ó sì ń dá mi lóhùn pẹ̀lú "ẹ̀yin bàbá wa" ní gbogbo ìgbà. Ìgbà mẹ́ta ni ọkàn mi ní kí n gé e, ìgbà mẹ́ta ni mo rò pé yóò jẹ́ ìwà àfojúdi. Mo san ₦20,000 fún ìwé tí wọ́n ní wọn yóò fi ṣe é. Nítorí náà, kí ọmọ yìí kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé gígé ìpè mọ́ àjèjì lẹ́nu kì í ṣe ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́. Kí àwa náà sì ṣíwọ́ kíkọ nọ́ḿbà wa sórí gbogbo ìwé tí wọ́n bá nà sí wa nílé ìtajà àti níbi ayẹyẹ.

Amòfin, Ìkẹ́nnẹ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. A bá yín kẹ́dùn owó náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ẹ̀bi náà ka orí ara yín. Òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ènìyàn, ti ọdún 2023 sọ pé ẹni tó bá gba nọ́ḿbà ènìyàn fún iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ kàn gbé e lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, ó sì fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ kí wọ́n máa fi ìpolówó dààmú òun. Ẹni tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti fẹ̀yìntì rí i níbì kan, ẹni tó jẹ́ kó rí i ló yẹ kó dáhùn. Bí a bá ń bi àgbàlagbà nìkan léèrè ìdí tó fi gbà gbọ́, a kò ní bi olùtọ́jú ìwé léèrè ibi tí ìwé gbà jáde.

Ìyá Onígàrí, Àgọ́-Ìwòyè:
Amòfin, ẹ sọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n pè mí nípa gbèsè aládùúgbò mi kan, obìnrin tó yá owó lórí áàpù fóònù. Wọ́n ní olè ni, pé bí n kò bá sọ fún un kó san án, àwọn yóò fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. N kò ṣe onídùúró fún un. Èmi kò kọ nọ́ḿbà mi sórí ìwé kankan o, Olùkọ́.

Amòfin, Ìkẹ́nnẹ́:
Inú fóònù aládùúgbò yín ni wọ́n ti kó o, Ìyá. Bí ẹni tó ń yá owó bá ti tẹ "mo gbà," áàpù náà á ka gbogbo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ìyẹn ló mú kí Google fòfin dè é lọ́dún 2023 pé áàpù owó yíyá kò gbọdọ̀ ka orúkọ inú fóònù mọ́, kí Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà nílẹ̀ yìí, sì ní kí àwọn olówó yìí wá forúkọ sílẹ̀. Àwọn tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣì wà. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ẹ pa nọ́ḿbà náà mọ́, kí ẹ sì mú un tọ FCCPC lọ.

Olùkọ́ Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Amòfin, mo gbà pé olè ló jalè. Síbẹ̀ òfin kì í sí nínú yàrá nígbà tí fóònù bá dún. Ìyá olóbì àti káàdì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, kí ni ó yẹ kó ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn?

Oníṣẹ́-Fóònù, Ìjẹ̀bú-Òde:
Kó gé e, Bàbá. Lẹ́yìn náà, kó pe nọ́ḿbà tó wà lẹ́yìn káàdì náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nọ́ḿbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò bá a sọ ọ́ níbẹ̀. Báǹkì kì í sì béèrè nọ́ḿbà àṣírí tàbí èyí tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí ìpè, bó ti wù kí ohùn ẹni tó ń béèrè dùn tó.

Ọmọ Olóbì, Ṣàgámù:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Onígàrí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, n kò ní ti fóònù náà mọ́ àjèjì mọ́. Lárọ̀ọ́ yìí, mo ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 lórí síìmù rẹ̀ méjèèjì. Mo da nọ́ḿbà ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ kọ sórí páálí pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè àga tó máa ń jókòó sí. Mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ fún un nípa gígé ìpè. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣé òótọ́ ni Bàbá náà pàdánù owó, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ní kí n kọ nọ́ḿbà awakọ̀ tó ń bá a kó obì lọ sí Kánò sí abẹ́ ti báǹkì, torí pé ẹni yẹn máa ń pààrọ̀ síìmù, òun kò sì fẹ́ gé e mọ́ ọn lẹ́nu.