Ọmọ Tí A Kò Kọ́ Ni Yóò Gbé Ilé Tí A Kọ́ Tà

Bí wọ́n bá ti pa òwe yìí, àrólé inú ilé ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí. Ṣùgbọ́n ilé ńlá kì í dúró lórí àrólé nìkan. Ẹni tí yóò máa wá owó èédú rẹ̀ náà wà lára ọmọ tí òwe ń wí.

Ẹ wo ilé tí Andrew Carnegie, oníṣòwò irin, kó sí ní Fifth Avenue, New York, ní 1902. Yàrá 64 ni. Lábẹ́ ilé, wọ́n to ojú irin kékeré kan, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ti kẹ̀kẹ́ èédú láti àká dé ìdí iná tó ń mú ilé gbóná. Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, iná náà lè jẹ èédú tó tọ́ọ̀nù 2 lójúmọ́ kan.

Charles Schwab, tó ti bá Carnegie darí ilé iṣẹ́ irin, kọ́ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Riverside Drive: yàrá 75, tí wọ́n parí ní 1906. Gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kú ní 1939. Wọ́n fi ilé náà lọ ìjọba ìlú kí mẹ́yọ̀ máa gbé ibẹ̀, ìjọba kọ̀ ọ́. Ní 1948, wọ́n wó o palẹ̀.

Ti Carnegie ti ní ẹni tí yóò gbà á. Ó ti dá Carnegie Corporation, àjọ tó ń fi owó ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ, sílẹ̀ ní 1911, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn tí Louise ìyàwó rẹ̀ kú ní 1946, àjọ náà ni ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1972, wọ́n fi ta Smithsonian, àjọ mùsíọ́mù ìjọba Amẹ́ríkà, lọ́rẹ. Láti 1976 ni ó ti di mùsíọ́mù.

Ibi tí òwe yìí ti dùn ún tú jù ni ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé. Nígbà tí Carnegie jẹ́ ọmọdé tó ń gba dọ́là 1.20 lọ́sẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ni iṣẹ́ ti gbà á mọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ló rí Ọ̀gágun James Anderson, tó máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ wá yá ìwé òun ní Sátidé. Carnegie kò gbàgbé. Ilé ìkàwé 2,509 ni owó rẹ̀ kọ́.

Àmọ́ kò kàn fọ́n owó. Ní Amẹ́ríkà, ìlú tó bá tọrọ ni yóò mú ilẹ̀ wá, yóò sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọdọọdún ni òun yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá iye tí ilé náà jẹ nínú owó orí. Ilé dọ́là 10,000, dọ́là 1,000 lọ́dún: owó iṣẹ́ olùtọ́jú, iná, òrùlé tó ń jò, ìwé. Ìwé gan-an kò sí nínú ọrẹ náà.

Síbẹ̀, ó já níbì kan. Àwọn ìlú kan gba ilé tán, wọn kò san ìdá mẹ́wàá mọ́. Alvin Johnson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí Carnegie Corporation rán lọ yẹ ọ̀rọ̀ wò, jábọ̀ ní 1916 pé ilé wà lóòótọ́, ẹni tó mọ iṣẹ́ ìkàwé ló ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Wọ́n ti kọ́ ilé, wọn kò kọ́ olùtọ́jú. Ní 1917, owó ilé tuntun dúró.

A kò sì gbọdọ̀ fi ọrẹ bo ọ̀rọ̀ Homestead, ìlú irin kan ní Pennsylvania, mọ́lẹ̀. Ní 1892, ilé iṣẹ́ irin Carnegie níbẹ̀ fẹ́ gé owó òṣìṣẹ́, ìjà bẹ́, ènìyàn kú. Ní 1898, ilé ìkàwé ṣí níbẹ̀. Ẹni tó ti fi wákàtí 12 dúró lẹ́nu iná irin, ojú wo ni yóò fi kàwé?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé fún ará ìlú, ìdá mẹ́wàá ni kí ó kọ́kọ́ bi wọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀: ta ni yóò san án, inú àpò wo ni yóò ti wá, ọjọ́ wo. Kí orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ wà nínú ìwé kan náà, kí onítọ̀hún sì ti máa kọ́ṣẹ́ nígbà tí bíríkìlà bá ń mọ ògiri. Bí wọ́n bá ní agbára àwọn kò ká dọ́là 1,000 lọ́dún, ẹ dín ilé náà kù títí yóò fi di èyí tí dọ́là 500 wọn lè gbé.