Wèrè tó wọ ọjà: ta ló ní kò lè yá mọ́?

Bí a bá ti ní ká dáwó fún ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ ní Ìlọrin yìí, èsì kan náà la máa ń gbà: "Wèrè tó bá ti wọ ọjà, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹ má fowó ṣòfò."

Ahun kọ́ ló ń sọ ọ́ o. Àìsàn yìí ló gba àbúrò bàbá mi, òun náà ló gba ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà fídáù ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnìkan gbé àpò ìrẹsì wá, ẹlòmíràn mú àgbò wá. Àwọn yìí kan náà la bẹ̀ títí nígbà tó ń wá owó abẹ́rẹ́.

Ta là ń rí lọ́jà gan-an? Ẹni tí wọn ò tọ́jú ni. Èyí tó gba ìtọ́jú tó sì yá lè máa ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní Ìpàtà, kò ní sọ, torí ọmọ rẹ̀ ò tíì relé ọkọ. Àwọn tí kò yá nìkan lojú wa ń kà. Irú èyí tí dókítà ń pè ní schizophrenia, tó le nínú wọn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, ẹnìkan nínú mẹ́ta ló lè yá pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ń lo oògùn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn. Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá: bí àìsàn náà bá ti pẹ́ láìsí ìtọ́jú tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣòro sí i. Pípẹ́ yẹn ló ń bà á jẹ́, ilẹ̀ ọjà ò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn baba wa pàápàá ò fọwọ́ lẹ́rán. Egbò asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ń lò, reserpine tí dókítà òyìnbó náà wá fi ń tọ́jú wèrè lẹ́yìn 1952 sì wà nínú rẹ̀. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò ní kí àwọn aláìsàn máa gbé abúlé tó yí ọsibítù ká, ẹbí wọn kan á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa rìn fàlàlà láàárín ará ìlú, wọ́n á sì máa lọ gba ìtọ́jú. Ìyẹn náà ò sọ wọ́n di aláìlèwò.

Abẹ́rẹ́ olóṣooṣù àti owó ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Bùdó Ẹ̀gbá la ń dáwó fún. Ilé oògùn la ń san tirẹ̀ fún tààrà, ẹ lè béèrè rìsíìtì.