Ṣé àṣìṣe tí a kò tètè tún ṣe máa ń mọ́ ọmọ lára?

Ọ̀pọ̀ òbí àti olùkọ́ gbà pé bí ọmọ bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, àfi kí a sọ ọ́ fún un kíá, kó má baà mọ́ ọn lára. Gbígbójú sókè wo àgbà nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá le gan-an ni irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ń fi mọ́ ọn lára.

Ẹ wo ọmọ tó ń ka "Bàbá ra ọkọ̀ tuntun. Ó wà á lọ sí Ìbàdàn." Ó pe ọkọ̀ ní ọkọ́. Bàbá lè ra ọkọ́, kò burú, ọmọ ò sì fura. Bó bá wá dé gbólóhùn kejì ńkọ́? Ta ló ń wa ọkọ́ lọ sí Ìbàdàn? Ibẹ̀ ni yóò ti dúró, tí yóò padà sẹ́yìn. Bí a bá ti já lù ú ṣáájú, a ti gba iṣẹ́ yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó ka gbólóhùn tán. Bó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ ka ení dé àrún sínú. Bí ohun tó kà kò bá nítumọ̀, ẹ bi í pé, "Ṣé ó yé ọ bẹ́ẹ̀?" Bó bá nítumọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ohun tí ìwé wí, ẹ ní kó wo àmì orí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i mú, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ máa lọ. (Bí ọ̀rọ̀ tó ń dá a dúró bá ju 5 lọ nínú 100, ìwé náà ló le jù fún un láti dá kà.)

Kíkọ ló tún burú jù. Ọmọ tí bírò pupa ń kún ìwé rẹ̀ máa ń tètè gbọ́n: ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n kọ nìkan ni yóò máa kọ. Ìwé á mọ́, kò sì ní sí nǹkan gidi nínú rẹ̀.

Bó bá kọ "Mo lo si oja, mo ra buredi", ẹ fojú fo àmì ohùn lónìí. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ 3 sétí ìlà náà: lẹ́tà mẹ́ta ń fẹ́ àmì lábẹ́, kó wá wọn. Kó máa pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè. Etí rẹ̀ á sọ fún un pé ìró "o" inú "mo" yàtọ̀ sí ti inú "lọ". Kó má fi rọ́bà pa ohunkóhun rẹ́, kó kàn fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Àmì ohùn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láti orí irú ọ̀rọ̀ bí igbá àti ìgbà.

Ohun tó yẹ ní títúnṣe lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀: bó ṣe di pẹ́ńsùlù mú, àti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ohun tí ọwọ́ bá ti kọ́, kì í tètè gbàgbé.